Okùn Tó So Ìyá Mi Mọ́ Àká

Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìró òkúta tó ń fọ́ èkùrọ́ ni. Ní Ìgbó-Ẹlẹ́yin, ìlú kékeré tí wọ́n ti bí mi, ìró yìí ló máa ń jí wa kí àkùkọ tó ráyè kọ. Ìyá mi á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á gbé èkùrọ́ lé orí òkúta ńlá, á fi òkúta kékeré lù ú, á ju ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá, á gbọn èèpo dànù. Kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lè máa bá ẹni tó wà lójúde sọ̀rọ̀, ó lè máa bá wa jà, òkúta kì í bà á níka.

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn. Mo ti darúgbó sí ilẹ̀ òtútù, níbi tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń jẹ́ èkùrọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán àná, oorun gbé mi lọ lórí àga, mo sì lá àlá kan. Ìró òkúta náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, kí n tó gbàgbé ibi tí òbúkọ ti wọ̀ ọ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó sùn. Ìjọba ń la ọ̀nà ńlá kan, àárín ilé wa gan-an ni ọ̀nà náà yóò gbà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri. Ilé ọ̀hún kọ́ ló dùn mí, òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Inú ilé yẹn ni a sin ìyá mi sí, nínú yàrá rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, bí a ti ń sin àwọn àgbà ilé wa gbogbo. Mojírọ́lá, àbúrò mi obìnrin tó wà nílé, ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní ìlú ti gé ilẹ̀ kan fún àwọn tí ọ̀nà lé dìde, lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Ó ní ṣé kí wọ́n gbẹ́ ohun tó kù lára màámi, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí ọkọ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá.

Ó lè dá nǹkan wọ̀nyí ṣe. Òun ló wà níbẹ̀, òun ló mọ bí nǹkan ṣe rí nílé. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ́ kan ibojì òbí láìjẹ́ pé dáwódù sọ̀rọ̀. Kódà bí ilé ń jó, wọ́n á dúró de ẹnu rẹ̀. Èmi ni dáwódù. Ọjọ́ Ajé ni katakata tó máa wó ilé ń bọ̀. Mojírọ́lá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹnu yín là ń wò o." Ẹnu mi náà ni èmi ń wò. Bí mo bá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, èmi ni mo ní kí wọ́n hú ìyá mi. Bí mo bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, èmi ni mo da ọ̀dà lé e lórí.

Ó tún ku nǹkan kan kí àlá náà lè yé yín. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun nílẹ̀ yìí, ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ á ní àká kan nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn sí, bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká. Akọ̀wé kò lè máa wọ inú àká lọ tú u kiri. Èmi ni mo máa ń ṣe ojú ìwò kan fún un, tí àpótí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ wà lórí rẹ̀, orúkọ lókè, àdírẹ́sì nísàlẹ̀, àwòrán ojú ẹni náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màá wá so àpótí kọ̀ọ̀kan mọ́ àyè tirẹ̀ nínú àká. Bí akọ̀wé bá tẹ ọfà, gbogbo àpótí á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé ẹni tó kàn jáde. Okùn tí mo fi ń so wọ́n, ojú kì í rí i. Nínú àlá mi, ojú rí i.

Mo bá ara mi lórí àpótí ìjókòó ìyá mi, mò ń fọ́ èkùrọ́. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni mò ń fi òkúta lù. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ń ju lẹ́tà sínú igbá, mo ń gbọn èèpo dànù. Nígbà tí igbá kún, igbá fúnra rẹ̀ ní ó tó, pé wọ́n ń dúró dè mí ní ọ́fíìsì. Mo bi í pé ọ́fíìsì wo. Ó ní kí n wòkè.

Lóòótọ́, ọ́fíìsì kan wà lókè òrùlé wa. Ó léfòó sínú afẹ́fẹ́, àtẹ̀gùn iwájú rẹ̀ kò kanlẹ̀. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ọsàn bí ẹni so ẹran, atẹ́gùn sì ń tì í síwá tì í sẹ́yìn. Mo mú igbà tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, mo gbé igbá mi há abíyá, mo fi igbà náà gun òfuurufú. Bí mo ṣe ń gòkè ni igbà ń ráhùn. Ó ní adẹ́mu tí òun mọ̀ kì í wúwo báyìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní búrẹ́dì ló fà á. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má mira mọ́.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fálóhùn. Ó wọ kóòtù, ó so táì, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ó kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó fún mi ní àga. Ó ṣàlàyé pé gbogbo òkú Ìgbó-Ẹlẹ́yin ló wà nínú àká tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ pákó náà, pé nítorí ọ̀nà tó ń bọ̀, àwọn ń tún ibùgbé wọn kọ. Ibi tí wọ́n bá kọ sínú àpótí ibùgbé òkú lójú ìwò nígbà tí katakata bá dé ilé rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa gbé títí ayé. Ẹni tí wọn kò bá tún tirẹ̀ kọ, abẹ́ títì ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni etí rẹ̀ méjèèjì ń gùn sí i. Mo gbé ojú kúrò. Kò yẹ kí àgbàlagbà máa wo etí ọ̀gá ọ́fíìsì.

Ojú ìwò náà fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Àwọn àpótí wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń tò wọ́n, okùn kọ̀ọ̀kan sì jáde lẹ́yìn àpótí kọ̀ọ̀kan, ó gba inú ihò kan wọ inú àká lọ. Okùn gidi, irú èyí tí a fi ń so ewúrẹ́. Mo fọwọ́ kan kókó rẹ̀. Kókó tí ọwọ́ mi ta ni. Inú mi dùn díẹ̀ pé kò tíì tú.

Mo tẹ ọfà. Ó dún kọ̀. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ jáde, aládùúgbò wa àtijọ́ tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ọsàn. Ojú rẹ̀ kún inú àpótí àwòrán.

Ó ní, "Dìran, ṣé ìwọ náà ti dé ni?"

"Rárá o, Bàbá. Mo kàn wá wo nǹkan ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe sọ."

Ó bẹ̀ mí pé kí n rọra máa tẹ ọfà, pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni ìfun àwọn ń dà pọ̀. Mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ìyá Elépo jáde. Òun àti àpótí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń jà. Ìyá Elépo ní ọdún tí eéṣú jẹ oko tán ni wọ́n bí òun. Àpótí ní nọ́ńbà nìkan ni òun ń gbà. Ìyá Elépo ní ṣé eéṣú tó jẹ oko bàbá òun fi nọ́ńbà sílẹ̀ ni. Ó hàn pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lórí rẹ̀, nítorí ohùn àwọn méjèèjì ti há. Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ àpótí náà ní ìwà yẹn, n kò dá sí i. Mo tẹ ọfà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá mi jáde.

Nínú àpótí orúkọ, Ọmọ́tárá. Nínú àpótí oríkì, Àwẹ̀ró. Nínú àpótí ibùgbé, Yàrá rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ojú tó fi sìn mí dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń lọ ni. Mo dàgbà jù ú lọ. Ó gbé orí sókè, ó rí arúgbó kan tó ń wo òun, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí kò gba ìkúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá."

Mo ní, "Màámi, Dìran ni."

Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. "Dìran. Ta ló da eérú sí ọ lórí?"

"Òtútù ni, Màámi."

"Wọn ò ní fìlà níbẹ̀ ni?"

Mo ní wọ́n ní. Ó ní kí n máa dé e nígbà náà. Ó tún bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹ. Ó ní irọ́ ni, ó tún gbé òkúta, ó ń fọ́ èkùrọ́ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Fálóhùn wúkọ́ lẹ́yìn mi. Ó ní kí n wo ojú fèrèsé. Katakata ti wọ ìlú. Ó pọ́n bí ọsàn tó bà jẹ́, ó ń jẹ àtíbàbà Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ bí ẹni jẹ ẹ̀kọ, ó ń pọ́n ètè lá. Mo yára kó lẹ́tà inú igbá, mo pa ti àtijọ́ rẹ́ nínú àpótí ibùgbé, mo to tuntun sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Orí òkè, lẹ́yìn ìlú. Ó hàn kedere. Mo mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú sínú ihò láti wo àká. Nínú àká, àyè ìyá mi kò yí padà. Yàrá rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé.

Mo bi àpótí pé ṣé kò gbọ́ mi ni.

Ó ní, "Èmi gbọ́. Àká ni kò gbọ́. O kò tíì kúrò lórí ìyá rẹ."

Ìgbà náà ni mo rántí. Òfin tí mo fi ń pariwo mọ́ àwọn akọ̀wé láti ọdún dé ọdún ni. Ohun tí ẹ kọ sínú àpótí, ojú ìwò nìkan ló mọ̀ ọ́n, títí ẹ ó fi kúrò lórí ẹni náà bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ìgbà tí ẹ bá kúrò ni okùn ń fà, ìgbà náà ni àká ń gbà á. Ẹni tó bá kọ ọ́ tán tó sì jókòó tì í, kò tíì kọ nǹkan kan.

Mo na ìka sí ọfà. Ìka náà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ó ní bí òun bá tẹ̀ ẹ́, ojú yẹn á lọ o, pé ṣé mo mọ̀. Mo ní mo mọ̀, kó ṣe sùúrù fún mi díẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun ń kánjú fún, ìka lásán ni òun.

Ọ̀gbẹ́ni Fálóhùn náà ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu rẹ̀, "Ẹ tẹ̀ ẹ́-ẹ́-ẹ́-ẹ́," mo bá bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró. Ó ti di òbúkọ pátápátá, táì nìkan ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, láti òwúrọ̀ ni òun ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn okùn náà.

N kò lé e. Èmi tí mo ti bá ọ́fíìsì ìjọba pàdé rí, mo mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ń jẹun, ńṣe ni à ń dúró.

Okùn àpótí orúkọ ló kọ́kọ́ jẹ. Bó ṣe gé e, àpótí náà ṣófo. Ìyá mi dáwọ́ èkùrọ́ dúró.

"Dìran, kí ni wọ́n ń pè mí?"

"Màámi."

"Ìyẹn ni ìwọ ń pè mí. Àwọn tó kù ńkọ́?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Kò sí níbẹ̀. Mo wá a lábẹ́ ahọ́n, mo wá a lẹ́yìn eyín, n kò rí i. Ó dà bíi pé okùn kan náà ló so ẹnu mi mọ́ àká. Màámi ní kò burú, pé mo ti rìn jìnnà. Òbúkọ bọ́ sórí okùn àpótí oríkì. Nígbà tí ìyẹn já, ẹ̀yìn ìyá mi tẹ̀ lójijì, bí ẹni tí wọ́n yọ òpó lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Okùn ibùgbé nìkan ló kù, òbúkọ sì ti fi ahọ́n kàn án láti mọ adùn rẹ̀. Nísàlẹ̀, katakata dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ọ́fíìsì mì. Èkùrọ́ dà sílẹ̀ nínú àpótí àwòrán, ìyá mi kò ṣà á.

Ó ní, "Dìran, kí èmi lè máa rí ọ lo ṣe dúró, àbí kí ìwọ lè máa rí mi?"

Mo ní, "Kí n lè máa rí yín ni."

"O ti rí mi tó. Ọkùnrin yẹn ń jẹ okùn mi. Kúrò lórí mi, kí n ríbi lọ."

Mo tẹ ọfà.

Ó dún kọ̀, ojú rẹ̀ sì lọ. Okùn tó kù fà lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ tí àká gbà á. Mo yọjú sínú ihò, mo rí ogiri yàrá rẹ̀ tó là, mo rí àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ tí wọ́n gbé nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà. Wọ́n dákẹ́, nítorí orúkọ tí wọn ì bá máa pè ti wà nínú ikùn òbúkọ. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè, ohun tí wọ́n gbé ń bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ilé. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbé lọ. Ó ń dúró kí wọ́n pe òun.

Mo gbé orí sókè. Ẹni tó kàn ti jáde lójú ìwò, kò sì ní ojú. Àpótí orúkọ ṣófo, àpótí oríkì ṣófo, àpótí ibùgbé ṣófo. Okùn wọn jẹ́ tuntun, wọ́n ń tàn. Ní ìparí gbogbo ojú ìwò tí mo ti ṣe láyé mi, ẹnìkan tí kò tíì sí máa ń wà níbẹ̀, tó ń dúró de ẹni tó máa kún un. Ọ̀gbẹ́ni Fálóhùn gbé okùn ẹnu rẹ̀ mì, ó fi táì nu irùngbọ̀n, ó sì bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ibùgbé, sà?"

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bi. Kò sí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì náà. Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo jí.

Orí àga mi ni mo wà. Òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ń rọ̀ sára gíláàsì, tíì tí mo pò ti di omi tútù. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ọ̀rọ̀ Mojírọ́lá ló wà lójú rẹ̀, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹnu yín là ń wò o." Nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú àpótí pẹlẹbẹ tí a ń kọ èsì sí, mo ti kọ nǹkan kan kí oorun tó gbé mi: Ẹ gbé Màámi. Ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò tíì fi ránṣẹ́. Lójú mi, mo ti dá a lóhùn. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, n kò tíì la ẹnu.

Mo wá orúkọ ìyá mi lẹ́nu. Ó wà níbẹ̀. Mo pè é sókè nínú yàrá mi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é rí. Mo wá fi èyí tó kù kún ọ̀rọ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ.

"Mojírọ́lá, ẹ gbé Màámi. Ẹ fi aṣọ funfun wé wọn. Kí ìwọ fúnra rẹ máa lọ níwájú, kí o máa pe orúkọ wọn láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé orí òkè, Ọmọ́tárá, Àwẹ̀ró. Má ṣe dákẹ́ lójú ọ̀nà, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn là ń gbé lọ. Kí àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún mi."